Katakata Tí Mo Rà Ní Notsé, N Kò Ní Tà Á

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Datcha ní ilẹ̀ Tógò níbí. Mo kí Màmá, mo kí Bàbá Kékeré àti ìyàwó wọn, mo sì kí Bọ̀dá Lásún, ẹ̀gbọ́n mi, tó gbé ọ̀rọ̀ mi sórí wásáàpù ẹbí. Nígbà tó jẹ́ pé gbangba ni wọ́n ti bú mi, gbangba náà ni mo ti ń fèsì. Ara mi le. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá, ẹ ní kí n ta àlòkù katakata tí mo rà kí òjò tó le, kí n sì máa bọ̀ nílé, nítorí pé kékeré ni, kò lè túlẹ̀, obìnrin kì í sì í wa katakata. N kò ní tà á.

Bàbá tó fún mi nílẹ̀ níbí, ọmọ Ifẹ̀ ti Tógò níbí ni wọ́n, kì í ṣe Ilé-Ifẹ̀. Èdè wọn jọ tiwa, àfi tí wọ́n bá ti ki Faransé bọ̀ ọ́. Àdéhùn kan ṣoṣo ni wọ́n bá mi ṣe: n kò gbọdọ̀ gé igi òrí tàbí igi irú kankan, nítorí àwọn obìnrin ilé wọn ló ń ṣa èso rẹ̀. Igi náà sì pọ̀ lóko. Katakata ńlá tí mo kọ́kọ́ háyà kò ríbi yí sí. Ó bó èèpo igi òrí kan, Bàbá onílẹ̀ sì ní kó jáde. Ìdí tí mo fi ra kékeré nìyẹn. Àárín igi ló ń gbà kọjá bí ewúrẹ́.

Àṣìṣe tèmi wà níbòmíràn, mo jẹ́wọ́. Mẹkáníìkì tó tà á fún mi ní Notsé sọ pé irin ìtúlẹ̀ aláwo méjì, tí abẹ rẹ̀ rí roboto bí àwo, ni agbára rẹ̀ gbé. Mo pe Bọ̀dá, wọ́n ní kí n ra aláwo mẹ́ta, kí iṣẹ́ lè yá. Bọ̀dá kò fọwọ́ kan katakata rí, àmọ́ ẹ ti kọ́ mi pé a kì í já ẹ̀gbọ́n ẹni níyàn. Mo rà á. Bí mo ṣe gbé irin náà sókè lóko, ẹsẹ̀ iwájú katakata kúrò nílẹ̀, sítíárìn kò gbọ́ mọ́, mo sì wó ebè iṣu aládùúgbò kí n tó rí i pa. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Mo wọlé, mo dá sunkún, kò sí ìyá tàbí àbúrò nítòsí. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bọ̀dá kí wọ́n lè gbà mí nímọ̀ràn. Fọ́tò yẹn náà ni wọ́n ń fi hàn yín, wọn kò sì sọ ẹni tó ní kí n ra irin náà.

Mo dá a padà sí Notsé, mo pààrọ̀ rẹ̀ sí aláwo méjì, mo tún mú irin tí ń kọ ebè ní ìlà. Èmi àti mẹkáníìkì jọ wọn àárín ẹsẹ̀ katakata, a sì tún irin náà dè kí ẹsẹ̀ má baà tẹ ebè mọ́lẹ̀. Mo ti túlẹ̀ oko mi tán. Oko àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín ni mò ń tú báyìí.

Bàbá, mo ti já ẹ̀gbọ́n mi níyàn, n ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ní kí n wá kúnlẹ̀ bẹ wọ́n, n ó wá, n ó sì kúnlẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, n ó padà sídìí katakata mi.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ilé tòrò. Ẹ bá mi kí tẹrú tọmọ, ẹ sì sọ fún Màmá pé mò ń jẹun.

Èmi ni ọmọ yín tó ń wa katakata,
Àbẹ̀kẹ́