Ẹ Má Ní Kí N Mánéèjì Ẹ̀ Mọ́

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kùmásí níbí, mo kí Bàbá, mo kí àwọn àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí ni màá kọ́kọ́ sọ: mo ti gbé Àríkẹ́ pọ̀n, mo ti kúrò nílé Gàníyù ọkọ mi. Ọ̀dọ̀ Maame Yaa la wà, ẹni tá a jọ ń ta òkìríkà ọmọdé ní ọjà Race Course.

Ẹ má tíì ké. Ẹ gbọ́ ná.

Ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì kan ló lé mi jáde: mánéèjì. Tíṣà wa ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni kéèyàn ṣe àkóso nǹkan. Irọ́ ni. Bí òrùlé bá ń jò, Gàníyù á ní ká mánéèjì ẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ká mánéèjì ẹ̀. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Adum bá bi í bí iṣẹ́ fóònù títúnṣe ṣe ń lọ, á ní òun ń mánéèjì ẹ̀ ni, bàtà tuntun sì ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó bá gbé oúnjẹ fún àlejò, tí ẹran bo abọ́, á ní kí wọ́n mánéèjì ẹ̀. Èmi tí mi ò rí nínú ẹran náà, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni tèmi. Ọ̀rọ̀ tí ò nítìjú. Ọ̀lẹ wo ló pè é tí ò jẹ́?

Lóṣù tó kọjá, Làtí àbúrò rẹ̀ dé láti Ọ̀fà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àbúrò ọkọ, ọkọ ni. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo jù lọ́jọ́ orí, mo pè é ní ọkọ mi. Àṣé bẹ́ẹ̀dì mi wà nínú ìkúnlẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ọkọ kì í sùn nílẹ̀, kí ìyàwó wá ẹní. Lórí sìmẹ́ǹtì lèmi àti Àríkẹ́ ń sùn, lábẹ́ ibi tó ń jò, òjò Kùmásí ò sì mọ ọmọ ọwọ́. Ikọ́ mú un, àyà rẹ̀ ń dún bí ìkòkò tó ń hó. Mo bẹ Làtí pé kó jẹ́ kí ọmọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí ìyàwó ṣì mánéèjì ẹ̀ ná. Kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lára fóònù. Gàníyù rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì tó fún ọmọ lábẹ́rẹ́ ní kò gbọdọ̀ sùn sílẹ̀ mọ́. Mo padà délé, ọkọ mi kékeré ti na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo di ẹrù mi.

Maame Yaa ní Máníjà ni òun á máa pè mí, ó bi mí pé ẹ̀ka ilé iṣẹ́ mi mélòó ló kù. Mo rẹ́rìn-ín. Ọjà mi ń bọ́ wa, ó sì ń tọ́jú wa, àmọ́ èdè Twi tí wọ́n ń sọ níbí tí mo gbọ́ ò tíì tó èyí tí mo lè fi sunkún.

Màmá, nígbà tí mo fi ẹjọ́ sùn yín lórí fóònù, ẹ̀yin náà ní kí n máa mánéèjì ẹ̀. Ṣé kí n gbé Àríkẹ́ wá sọ́dọ̀ yín títí àyà rẹ̀ á fi yá? Ẹ ní kí n máa bọ̀, ẹ ní kí n má wá, méjèèjì ni màá gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mi ò ní gbà.

Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ọlọ́run á jẹ́ kí Àríkẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ yín,
Sìdíkátù