Kọ̀ǹpútà Jẹ Oríkì Rẹ

Ifọ̀,
Oṣù Agẹmọ, 2004.

Lásúnkànmí ọmọ mi,

Ṣé ara le ní Ìkẹjà, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Olúwa á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Àwa náà wà láàyè, bàbá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ ti bímọ, òjò sì ti ṣí páànù ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ìyẹn ni mo ṣe kọ̀wé, ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí o gbé wá sílé pé ká bá ọ dán wò ni. O ní ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sínú dísìkì rẹ̀ ló ti bàjẹ́, pé tó bá ń kánjú ó máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lọ́nà, àti pé sídíì tí o ṣe ni yóò máa sọ fún un pé kó rọra. O ní ká kọ ohun tí mo mọ̀ dáadáa síbẹ̀, ká pa á, ká tún un tàn, kí n lè mọ̀ bí nǹkan kan bá yí padà. Kí ni mo tún mọ̀ tó oríkì àwọn ọmọ mi? Mo bá ń pè wọ́n, Fúnmi ayálégbé wa tó ń tẹ̀wé ní kánsù ń tẹ̀ wọ́n, láti orí Adépọ̀jù ẹ̀gbọ́n rẹ títí dé orí àbúrò rẹ.

Pẹ̀lú sídíì, gbogbo yín jáde ní àlàáfíà. A wá ṣe é láìsí sídíì bí o ṣe ní ká ṣe. Ti gbogbo wọn pé, àfi tìrẹ. Níbi tí Àkànní, oríkì rẹ, wà, ńṣe ló dà bí ìgbà tí adìyẹ tan ilẹ̀. Fúnmi ní kí n má bẹ̀rù, pé ohun tí o fẹ́ rí gan-an nìyẹn, mo ní ta ló fẹ́ rí irú ẹ̀ lára ọmọ rẹ̀. Mo pè ọ́, fóònù rẹ ò lọ, àyà mi tún já. Ìgbà tí o pè padà pé bátìrì ló kú, mo ní kí o kọ́kọ́ pe orúkọ ara rẹ fún mi kí n gbọ́, o ń rẹ́rìn-ín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Má gun ọ̀kadà o, má sì jẹ́ kí wọ́n gé irun rẹ títí wàá fi gbúròó mi.

O wá ní ká tún ṣe é láìsí sídíì lẹ́ẹ̀kan sí i, pé bí ọ̀gá rẹ ò bá rí i pé ó tún bàjẹ́, kò ní gbà pé sídíì rẹ ló tún un ṣe, iṣẹ́ sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ, mi ò sì ní fi ọmọ mi kankan sínú ẹ̀rọ yẹn mọ́. Mo ti ní kí Fúnmi kó gbogbo yín kúrò níbẹ̀. Mo bẹ bàbá rẹ pé ká fi tirẹ̀ síbẹ̀, ó ní òun ń lọ sóko, láti àárọ̀ ni kò tíì dé.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán Adépọ̀jù sí wa fún epo jẹnẹrétọ̀. Olúwa ò ní jẹ́ kí orúkọ rẹ parẹ́, wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ìwọ ni wàá sì sin mí. Lọ́la la ó tan ẹ̀rọ náà láìsí sídíì, oríkì tèmi ló wà níbẹ̀ báyìí, Àṣàkẹ́. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n, ìyá mi nìkan ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tó sì ti kú, kò sẹ́ni tó tún pè é. Bí ẹ̀rọ bá gbé e mì, kò sẹ́ni tí yóò wá a.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.