Bí Mo Ṣe Fi Ìlara Ka Ìwé Rẹ

                                        Ilé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ilé Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Ẹsẹ̀-ò-gbélé, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Báwo ni orúnkún rẹ? Orúnkún ni mo kọ́kọ́ béèrè nítorí òun ni o fi parí lẹ́tà rẹ tó kọjá. Aya rẹ ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni? Ọmọ rẹ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ṣé ara ìyá le, ṣé ara ọmọ le? Mo gbọ́ pé òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kó má tètè padà o. Àwa náà wà níbí, a ò kú, a ò ṣàìsàn. Eyín mi méjì ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó kù ṣì lè bá ẹran jà. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ, ó sì dúró ti àga mi títí mo fi kọ ọ́, nítorí kò fọkàn tán mi mọ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ó nídìí.

Mo mọ̀ pé èsì ilé ìkàwé ni o ń retí. O sọ fún mi pé dókítà ní orúnkún yẹn ṣì lè gun bàálù lọ́dún yìí, pé òun ò lè ṣèlérí àmọ́dún. O ní bí a kò bá pè ọ́ wá ka ìwé rẹ fún wa báyìí, a lè má fojú kanra mọ́. Nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ yí ọ po. Wọn yóò pè ọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí wọ́n má pè ọ́, èmi ni mo sì fẹ́ fà á. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

O mọ ẹgbẹ́ wa, àwa arúgbó, tèmi tìyàwó mi, tí a máa ń pàdé ní ilé ìkàwé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ojú ọ̀pọ̀ wa ti di bàìbàì, nítorí náà ẹnì kan ló máa ń kàwé sókè fún àwọn tó kù, èmi ni wọ́n sì fi jẹ oyè náà láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin tó ń ṣàkóso ilé ìkàwé ní ìwé àwọn tó lọ gbé ilẹ̀ òkèèrè ni a ó kà. Òǹkàwé ló máa yan ojú ìwé tó bá wù ú nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà a ó nawọ́ dìbò, ilé ìkàwé á sì ránṣẹ́ pe ẹni tó kọ èyí tó borí. Ìwé méjì ló dé orí tábìlì: ti nọ́ọ̀sì kan tó tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní ìlú oníyìnyín, àti tìrẹ.

Kí n sọ òtítọ́, irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń bí mi nínú. Gbogbo wọn ló ní yìnyín ní ojú ìwé kìíní. Gbogbo wọn ló ní onílé ahun kan tó ń ṣọ́ omi gbígbóná. Ẹni tó bá ti ṣìnà nínú bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan péré lókè òkun, ó di òǹkọ̀wé. Àwa tí a wọ bọ́ọ̀sì kan náà lọ síbi iṣẹ́ kan náà títí a fi fẹ̀yìntì, ta ni yóò ka tiwa? Báyìí ni mo ṣe ń bá ara mi wí nígbà tí ìwé rẹ dé, tí mo rí àwòrán rẹ lẹ́yìn rẹ̀, tí o fọwọ́ lẹ́rán bí ọlọ́gbọ́n ayé.

Síbẹ̀ mo kà á. Mo dé ibi ẹ̀wù òtútù, ibi tí o ti ra ẹ̀wù obìnrin láìmọ̀, tí o ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, tí o rò pé ará ìlú náà ló yá mọ́ni nítorí pé gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sí ọ. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì mú. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí nǹkan kan fi ta mí lọ́kàn bí agbọ́n. Mo ní, ọ̀rẹ́ mi yìí mọ̀ ọ́n kọ. Èmi tí ẹ sọ ní Alákọ̀wé ní kíláàsì, tí olùkọ́ máa ń ka àròkọ mi sókè, tí ìwọ máa ń yọ́jú wo tèmi kọ!

Kò mọ síbẹ̀. Ní ojú ìwé tó tẹ̀lé e, o kọ ọ́ pé ọ̀rẹ́ kan wà tó yẹ kí ẹ jọ lọ, ṣùgbọ́n tó dúró nílé tọ́jú ìyá rẹ̀, pé ọmọ rere ló jẹ́ jù ọ́ lọ. Ohun tí mo sọ fún ọ nìyẹn, òun náà ni mo ń sọ fún gbogbo ayé láti ìgbà náà. Irọ́ ni. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló di àpótí mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo wo àpótí náà lẹ́nu ọ̀nà, mo sì padà lọ dùbúlẹ̀. Ìlọ tí o lọ gan-an ni mo ń jowú, ìwé kàn wá fi epo sí i ni.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ tìrẹ pé, mo fo ẹ̀wù òtútù. Mo fo gbogbo ibi tó lẹ́rìn-ín. Mo yan ibi tí o ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba ìwé àṣẹ ìgbélùú, ibi tí o ti to oríṣiríṣi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin lẹ́sẹẹsẹ, àti ọ̀rọ̀ gígùn kan lórí ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná. Mo sì kà á bí ẹni tó ń ka ìkìlọ̀ ara ìgò oògùn. Kò pẹ́ tí Dẹ́rẹ́bà, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìntì, fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Agbẹ̀bí àgbà, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, béèrè pé, "Ṣé ọkùnrin yìí ò rẹ́rìn-ín rí látìgbà tó ti lọ ni?"

Mo dá a lóhùn pé bí òtútù ṣe máa ń ṣe wọ́n níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi, ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Nígbà tí a dìbò, ọwọ́ kan ṣoṣo ló nà sókè fún ọ, ti ìyàwó mi ni. Mo rò pé àánú rẹ ló ṣe é. A rìn délé. Ó bọ́ bàtà, ó gbé omi kaná, ó wá yíjú sí mi.

"Bàbá àwọn ọmọ, ilé ìdáná ni mo wà lọ́jọ́ tí ẹ ń ka ìwé yẹn. Mo gbọ́ ẹ̀rín yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀ kẹ́yìn lẹ́nu yín. Ibo lẹ gbé e sí lónìí?"

Mo ní ojú mi ni kò ríran dáadáa.

"Ojú kọ́," ó ní, "inú ni." Ó sì lọ pa iná tó wà lábẹ́ omi rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Tèmi tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mo mọ ẹni tí mo ń sọ ọ́ lù.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, mo dìde kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ní n kò ka ìwé ọ̀rẹ́ mi fún wọn, pé ìlara mi ni mo kà. Dẹ́rẹ́bà ní òun ti rò pé ọjọ́ orí ló jẹ́ kí òun sùn, pé òun tilẹ̀ ti lọ bá dókítà nítorí rẹ̀. Agbẹ̀bí kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ fẹsẹ̀ wáyé. Ó béèrè bóyá wọ́n ti ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì náà. Ọmọbìnrin ilé ìkàwé ní òun ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìbò tí a fi ẹ̀tàn dì kì í ṣe ìbò, kí n ka ìwé náà bó ṣe yẹ, kí a tún un dì.

Mo ka ẹ̀wù òtútù. Kí n tó dé ibi tí ọ̀gá rẹ ti fà ọ́ sí kọ̀rọ̀ láti fi hàn ọ́ pé ọwọ́ tí ti obìnrin máa ń wà ni bọ́tìnnì ẹ̀wù náà wà, Agbẹ̀bí ti bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nu omijé. Dẹ́rẹ́bà ń lu itan. Wọ́n ní kí n tún un kà. Ǹjẹ́ o mọ bó ṣe rí lára mi? Ẹ̀rín tí mo ti ń wá láti kékeré, tìrẹ ni, ó kàn ń gba ẹnu mi kọjá bí omi tó ń gba inú páìpù lọ sílé ẹlòmíràn. Mo tún un kà bẹ́ẹ̀ náà.

Nígbà tí a dìbò, ọwọ́ nà sókè fún ọ káàkiri yàrá. Tèmi ṣì wà lórí itan. Dẹ́rẹ́bà yíjú sí mi, ó ní, "Alákọ̀wé, ṣé apá ń dùn ẹ́ ni?"

Ìgbà náà ni mo tó nà án.

Má rò pé ó ti tán nínú mi. Bí o bá dúró níwájú wa, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, n ó pa tèmi, yóò sì máa ta mí. Bí ohun tí o kà yìí kò bá jẹ́ kí o fẹ́ sùn sílé mi, ilé àlejò kan wà nítòsí tó mọ́ tónítóní, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti gbá yàrá, mo sì ti gbé bẹ́ẹ̀dì wá sísàlẹ̀ kí o má ba à gun àtẹ̀gùn. Bí wọ́n bá sì tún ìwé náà tẹ̀, yọ ọmọ rere yẹn kúrò. Kọ ọ́ pé ẹ̀rù bà á.

Bá mi kí aya rẹ, kí ìyá ọmọ tuntun, kí o gbá ọmọ náà mọ́ra fún mi. Agbẹ̀bí ní kí n kí ọ, ó ní ó pẹ́ tí òun ti rí ọkùnrin tó lè fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Wá, ọ̀rẹ́ mi. Jẹ́ kí n máa jowú rẹ nítòsí; ti ọ̀nà jíjìn ti rẹ̀ mí.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ìwòsàn rẹ̀ ń falẹ̀,
                                        Alákọ̀wé.