Bí Tanímọ̀la Ṣe Sùn Tí Kò Jí Ní Ẹnubodè

                                        Yàrá Karùn-ún,
                                        Ilé Àlejò Ẹ̀gbẹ́ Ibùdókọ̀ Ojú Irin.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé ara le? Baba Ìbejì ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọn ò tíì fi ariwo lé ẹ jáde nílé? Ara tèmi le, àyà mi ló ṣì ń já. Bí ìwé mi bá rí wúruwùru, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, orí ibùsùn ni mo ti ń kọ ọ́.

O mọ̀ pé látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti mú Ìyá wa lọ sọ́dọ̀ ara wọn nílẹ̀ òkèèrè, Ìyá ò jẹun gidi mọ́. Tanímọ̀la àti Sùúrù, ajá wọn kéékèèké méjèèjì, ni wọ́n ń béèrè ṣáá. Ni mo bá kó wọn sínú báàgì tó ní ojú afẹ́fẹ́, mo wọ ọkọ̀ ojú irin kí n lè kó wọn lọ bá Ìyá.

A ò tíì rìn jìnnà tí Tanímọ̀la fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dé, ó ní, "Màdáámú, bó bá tún gbó, ibùdókọ̀ tó kàn lẹ ó sọ̀ sí o." Ẹ̀rù bà mí. Obìnrin tó jókòó tì mí fún mi lóògùn kan tóun máa ń lò kí òòyì ọkọ̀ má bàa kọ́ òun, ó ní kí n fún ajá náà ní ààbọ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n èmi ò fẹ̀sọ̀ mú un. Mi ò tiẹ̀ béèrè orúkọ oògùn náà tí mo fi fi ààbọ̀ rẹ̀ sínú búrẹ́dì fún Tanímọ̀la. Ajá dákẹ́, inú mi dùn. Obìnrin náà sọ̀ ní ibùdókọ̀ tirẹ̀.

Nígbà tá a dé ẹnubodè, aṣọ́bodè obìnrin kan wọlé, ó yẹ ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ajá náà wò, kò rí àbùkù kankan. Ó ní kí n ṣí báàgì. Sùúrù yọrí. Tanímọ̀la ò mira. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù, ahọ́n rẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu.

Aṣọ́bodè náà jágbe mọ́ mi, ó ní, "Àbí òkú ajá lẹ fẹ́ gbé wọ ìlú wa ni?"

Ọ̀rẹ́ mi, mo gbé Tanímọ̀la mọ́ àyà.

Wọ́n sọ̀ wá kalẹ̀, ọkọ̀ gbéra lọ. Yàrá kótópó kan ni wọ́n mú wa sí, tábìlì irin kan àti àga kan péré ló wà níbẹ̀. Dókítà ẹranko gun kẹ̀kẹ́ dé. Ó bi mí pé irú oògùn wo ni. Mi ò mọ̀! Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ní kí n máa fi táwẹ́ẹ̀lì ra á láyà, kí n má dáwọ́ dúró. Wákàtí méjì gbáko! Aṣọ́bodè tó jágbe mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà ló wá kúnlẹ̀ tì mí, tó ń gba táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ mi bí apá bá ti ń ro mí. Nígbà tó yá, Tanímọ̀la mí kanlẹ̀, ó sì tọ̀ sára bàtà obìnrin náà. Kò bínú rárá.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì gbé e, kò sì tíì gbó. Dókítà ní ká dúró nílé àlejò yìí di ọ̀tunla, òun ò sì lè ṣèlérí ohunkóhun. Mo purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé ọkọ̀ ló bàjẹ́. Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n gbé ẹnu àwọn ajá sún mọ́ ọn, àwọn fẹ́ gbóhùn wọn. Sùúrù gbó, Ìyá bú sẹ́rìn-ín.

"Èkejì ńkọ́?"

Mo ní ó ń sùn.

Wọ́n ní, "Jí i fún mi."

Bá mi kí Baba Ìbejì àtàwọn ọmọ. Ẹ rántí wa nínú àdúrà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè fojú kan oorun,
Pẹ́lẹ́ńgẹ́.