Màámi, Kí Ló Dé Tí Ẹ Ò Dìde Nídìí Máṣíìnì?

Màámi tí mo fẹ́ràn,

Inú ń bí mi sí yín. Mo mọ̀ pé a kì í bínú sí òkú. Mo sì mọ̀ pé bí ẹ bá wà láàyè, ojú kan péré lẹ máa fi wò mí, màá sì pa ẹnu mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò sí níbí láti wò mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà tí a ti gbé máṣíìnì yín wá sí ilé mi ní Gyel nítòsí Jos, èmi náà ti di aránṣọ. Kì í ṣe fún títà o, aṣọ ara mi ni mò ń rán, bí ẹ ti máa ń ṣe. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìdí rẹ̀ ni mò ń lọ tààrà. Mo fẹ́ràn bí aṣọ ṣe ń bá ara mi mu nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ mi ló gé e. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí a ṣe ń wọn èjìká, bí a ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, bí a ṣe ń fi eyín já òwú nígbà tí a ò bá rí àlùmọ́gàjí. Gbogbo rẹ̀ lẹ kọ́ mi, àfi bí a ṣe ń dìde.

Ṣé ẹ rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Anglo Jos? Tíṣà tó ti dúró níwájú àwọn ọmọ láti àárọ̀, ẹ óò dé, ẹ ò ní bọ́ bàtà, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn aládùúgbò á máa fi Hausa kí yín kú iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá, "Sannu da aiki, Mama!" Ẹ óò dáhùn, "Yawwa," ẹ ò ní gbé orí sókè. Ọbẹ̀ yín á tutù títí epo á fi dì lórí rẹ̀. Bí mo bá ní kí ẹ sinmi, ẹ óò ní ọmọ Èkìtì kì í ya ọ̀lẹ. Mo máa ń fi yín yangàn nígbà yẹn!

Nígbà tí Bọ́sẹ̀ àbúrò mi fẹ́ ṣègbéyàwó, ẹ kọ̀ jálẹ̀ pé télọ̀ kankan ò ní fọwọ́ kan aṣọ tí ìyá ìyàwó máa wọ̀. Ẹ̀yin lẹ gé léèsì yẹn, ẹ̀yin lẹ jókòó tì í. Ẹsẹ̀ yín ti wú nígbà náà. Mo bi yín pé kí ni dókítà tí ẹ lọ rí sọ, ẹ ní ó sọ pé ara yín le koko. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ìgbéyàwó ku díẹ̀, Bọ́sẹ̀ gbé oúnjẹ wá fún yín, ó bá yín tí ẹ gbé orí lé máṣíìnì. Ó rò pé ẹ sùn ni. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé ẹ sinmi lẹ́ẹ̀kan. Ó rọra padà sẹ́yìn kó má bàa jí yín.

Ilé ìwòsàn tí a gbé òkú yín lọ ni dókítà ti bi mí pé, "Ṣé Mama ò sọ fún yín ni? Ọkàn wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Mo ní kí wọ́n lọ sinmi."

Aṣọ náà la fi sin yín. Ẹ ò tíì ṣẹ́ etí rẹ̀ tán, èmi ni mo fi ọwọ́ parí rẹ̀, mò ń fi abẹ́rẹ́ gún un bí ẹni tó ń gún ọ̀tá. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún Bọ́sẹ̀. Orúkọ yín ni mò ń dáàbò bò. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ pé ìyá wa purọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, ọyẹ́ mú bí ẹni pé ó fẹ́ gé wa létí. Mò ń fi aṣọ nínípọn kan tí mo rà ní Dilimi rán jákẹ́ẹ̀tì fún ara mi. Láti àárọ̀ ni mo ti wà níbẹ̀, mi ò fi nǹkan kan sẹ́nu. Apá ọ̀tún kọ̀, kò jókòó. Mo rán an, ó lọ́. Mo tú u, mo tún un rán, ó tún lọ́. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ojú mi ń ṣú. Bọ́sẹ̀ wọlé, ó kí mi, mo dáhùn láìgbé orí sókè. Ló bá fi ọwọ́ di kẹ̀kẹ́ máṣíìnì náà mú.

"Haba, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ dìde níbẹ̀!"

"Jẹ́ kí n parí apá yìí."

"Bí Màámi ṣe máa ń wí nìyẹn! Ìgbéyàwó mi ló pa wọ́n. Mo rí wọn, mo rò pé wọ́n sùn. Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún sin ẹ̀yin náà ni?"

Màámi, ohun tó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn! Abájọ tí kò fi gbà kí a ṣe ayẹyẹ nígbà tó wá ṣègbéyàwó, tó jẹ́ pé àdúrà ráńpẹ́ ni wọ́n gbà fún òun àti ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ọmọ yín lẹ gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí. Ṣé ẹ tiẹ̀ rò ó nígbà tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ wíwú tẹ máṣíìnì?

Mo dìde. Mo ní, "Bọ́sẹ̀, dókítà ti kìlọ̀ fún Màámi. Wọ́n mọ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ̀ láti sinmi."

Mo rò pé yóò sunkún. Ó pòṣé ni, èyí tó gùn, ó ní, "Màámi ò dáa." Ó wá jókòó bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Bí ó bá dùn yín, kó dùn yín. Àwa méjèèjì la ń bínú sí yín báyìí, ó sì sàn ju kí ọ̀kan máa bínú sí ara rẹ̀ lọ.

A jẹ iṣu, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, a sùn lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí mo jí, mo gbé jákẹ́ẹ̀tì náà wò. Apá òsì ni mo ti ń fi tipátipá rán mọ́ ọ̀tún! Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo rí i.

Oorun ọ̀sán lásán, Màámi. Ká ní ẹ sọ òótọ́ fún wa ni, Bọ́sẹ̀ ì bá sún ìgbéyàwó síwájú nítorí yín. Télọ̀ ì bá bá yín ṣẹ́ etí aṣọ yẹn. Ẹ̀yin ì bá sì jókòó síbí lónìí, kí ẹ máa bá mi wí pé ìránṣọ mi wọ́. Kí ló le nínú kí ènìyàn fẹ̀yìn lélẹ̀?

Èmi ni, àkọ́bí yín tí inú ń bí, tó sì ń wá ohùn yín kiri ilé.