Sátidé Inú Fóònù

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ tíṣà ń lọ bó ṣe yẹ? Àwa náà ń mí, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ ti bímọ, òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò níbi tí o ní o máa bá wa tún ṣe.

Télọ̀ òdìkejì ilé wa ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n wá wò ọ́ nínú fóònù òun, pé wọ́n ń pín ọ kiri. Mo sáré lọ, mi ò tiẹ̀ rántí wé gèlè. Ìwọ ni lóòótọ́! Ò ń fi àwòrán sọ ìtàn ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ń wí i tẹ̀lé ọ, títí kan àwọn onírùngbọ̀n. Àwòrán ilé wa wà níbẹ̀, tèmi náà wà níbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí télọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ó ní o sọ pé gbogbo Sátidé lo máa ń wá kí ìyá rẹ. Ó yà mí lẹ́nu, torí láti ìgbà tí a ti sin ìyá àgbà, a ò fojú kàn ọ́. Ṣùgbọ́n mo ní ọmọ tí mo bí ò lè dúró níwájú èrò tó pọ̀ tó yẹn kó purọ́, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ni mo bá gbá yàrá rẹ, mo sá fóòmù rẹ sóòrùn, mo pa àkùkọ. Bàbá rẹ wọ bàtà láti àárọ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó bọ́ ọ, ó kọ̀. Bí mọ́tò bá dún, a ó dìde, bó bá kọjá, a ó jókòó. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlé lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá télọ̀ jà pé ó ṣì í túmọ̀ ni. Ojú tì í. Ó ní òun ò ṣì í túmọ̀, pé ìtàn lásán ni, pé ohun tí ẹ̀yin tíṣà fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Háà! Ó dùn mí wọ eegun. Nígbà tí èmi ń pàlọ́ fún ọ, mo kọ́kọ́ máa ń ké àlọ́ o, kí o lè mọ̀ pé kò ṣẹlẹ̀. Ìwọ ò ké nǹkan kan fún wa. Àbí irọ́ mọ́ ìyá ẹni ni wọ́n fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?

Jọ̀ọ́, fowó ránṣẹ́ kí n fi ra fóònù, irú ti télọ̀ tó lójú ńlá yẹn, kí o sì bá mi fi ìtàn náà sínú rẹ̀, kí èmi àti bàbá rẹ náà lè máa rí ọ ní Sátidé.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Wàá bímọ, wàá gbó, wàá tọ́. Ọlọ́run ò sì ní jẹ́ káwọn ọmọ rẹ gbọ́ irú Gẹ̀ẹ́sì yẹn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.