Ìpín Ọ̀gá Nínú Sáfà

Ọjọ́rú, oṣù kẹwàá, 2014

Mo ń gbéraga lónìí, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọpọlọ mẹ́jọ tó ń ṣe iṣẹ́ ló wà nínú sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo ọ́fíìsì wa ń lò. Bí ẹni ń pín ẹran ni wọ́n ṣe pín in: ọ̀gá mú márùn-ún torí pé òun ni àgbà, lẹ́tà méjì ló sì ń fi kọ lójúmọ́! Mẹ́ta tó kù ni a fi ń yẹ ìwé àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì wò. Bàbá kan ti Abaji wá lẹ́ẹ̀mẹta, asán ni, torí iṣẹ́ ń falẹ̀.

Láàárọ̀, èmi tí mò ń tọ́jú sáfà fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún ọ̀gá láìsọ fún un, mo kó méje yòókù fún ìwé àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, mo sì ṣètò kí èyí tó bá jókòó lásán máa ran ìyókù lọ́wọ́. Kó tó di ọ̀sán, bàbá Abaji ti gba ìwé rẹ̀.

Ni ọ̀gá bá pè mí.

"Bọ́sẹ̀, kọ̀ǹpútà mi mà yára lónìí o! O ti fi kún tèmi, àbí?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, sà."